Ibà Pọ́njú Lára Ìkókó: Láti Ọjọ́ Ìkúnlẹ̀ Dé Ọjọ́ Ìkómọ

Bí aboyún bá wà nínú ilé yín, ẹ ṣí àpótí aṣọ lónìí. Bí òórùn kánfọ̀ bá kọlu imú yín, iṣẹ́ ti wà nílẹ̀ nìyẹn, ẹ má dúró dìgbà tí ọmọ bá dé. Ìwé yìí wà fún ìyá, bàbá, ìyá àgbà tó ń bọ̀ wá wẹ ọmọ, àti ẹni yòówù tó máa gbé ọmọ náà mọ́ra kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀rọ̀ ibà pọ́njú ọmọ tuntun ló dá lé, èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní jọ́ńdíìsì, tí ojú àti ara ọmọ fi máa ń pọ́n bí ìyeyè. Kánfọ̀ wà lára ohun tó lè fà á. Ó wọ́pọ̀, ó sì ṣeé wò. Àmọ́ ọmọ tí wọn kò bá tètè gbé dé ilé ìwòsàn lè ti ibẹ̀ di adití tàbí aláàbọ̀ ara.

Ibi tí pípọ́n náà ti ń wá

Ẹ̀jẹ̀ pupa a máa gbó, a sì máa fọ́, lára àgbà àti ọmọdé. Bí ó bá fọ́, ohun aláwọ̀ ìyeyè kan tí wọ́n ń pè ní bilirubin ló máa ń ti inú rẹ̀ jáde. Ẹ̀dọ̀ á gbà á, á tì í sínú ìfun, a ó sì yà á dànù mọ́ ìgbẹ́. Ẹ̀dọ̀ ọmọ tuntun kò tíì lágbára tó fún iṣẹ́ yìí. Ìdí nìyẹn tí ojú àwọn ọmọ tó ju ìdajì lọ fi máa ń pọ́n ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, tí á le sí i láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún, tí á sì wábi gbà kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Ti ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé máa ń le jù bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀.

Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í pa ọmọ lára. Ibi tí ewu wà ni kí bilirubin pọ̀ ju ohun tí ẹ̀jẹ̀ lè gbé lọ, kí ó wá ráyè wọ inú ọpọlọ. Ohun tó bá bàjẹ́ níbẹ̀ kì í ní àtúnṣe. Ọmọ náà lè má lè gbé ọrùn dúró, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ lè máa lọ́ láìjẹ́ pé ó fẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì lè má gbọ́ràn.

Ẹ tún ka àwọn ọjọ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún ni ilé ń gbọ́ tàlejò, tí wọ́n ń ronú orúkọ, tí wọ́n ń wá ẹni tó máa se oúnjẹ ìkómọ. Ìyá ti kúrò nílé ìwòsàn; èyí tó bímọ sí ilé agbẹ̀bí kò tilẹ̀ sùn níbẹ̀. Àsìkò tí kò sí nọ́ọ̀sì nítòsí gan-an ni ibà yìí máa ń le jù. Nítorí náà, níbi yòówù kí ẹ bímọ sí, ẹ gbé ọmọ padà lọ fún àyẹ̀wò ní ọjọ́ kẹta. Ilé ìlera alábọ́ọ́dé tó wà ládùúgbò yín tó fún ìyẹn.

Bí a ṣe ń wò ó

Iná gílóòbù àti tọ́ọ̀ṣì máa ń tan ojú jẹ. Ẹ gbé ọmọ dé ẹnu ọ̀nà tàbí ojú fèrèsé nígbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́ kedere. Ẹ fi ìka kan tẹ orí imú rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì gbé ìka náà kúrò. Kí ẹ̀jẹ̀ tó padà síbẹ̀, ẹ ó rí àwọ̀ tó wà lábẹ́ awọ. Bí ó bá pọ́n, ẹ tẹ àyà, ẹ tẹ itan, ẹ tẹ àtẹ́lẹsẹ̀. Orí ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ṣe ń sọ̀kalẹ̀ sí ni ó ṣe ń le sí. Ọmọ wa tó dúdú, awọ ara rẹ̀ lè bo púpọ̀ mọ́lẹ̀, nítorí náà ẹ wo funfun ojú rẹ̀ bí ó bá lajú, kí ẹ sì rọra ṣí ètè rẹ̀ kí ẹ tẹ èrìgì wò.

Ẹ máa ṣe èyí láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ títí ọmọ á fi pé ọjọ́ méje. Ojú lásán kò lè sọ iye bilirubin tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, dókítà pàápàá kò lè fi ojú wọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá ti ń ṣiyèméjì, ẹ lọ.

Ẹ gbé ọmọ lọ lójú ẹsẹ̀, òru ì báà jẹ́, bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí:

- ojú tàbí ara rẹ̀ pọ́n kí ó tó pé wákàtí 24 tí a bí i
- àtẹ́lẹwọ́ tàbí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ pọ́n, ọjọ́ yòówù kó jẹ́
- kò fa ọyàn dáadáa mọ́, tàbí oorun rẹ̀ kò ṣeé jí
- ara rẹ̀ rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀, tàbí ó le, tí ó ń na ọrùn àti ẹ̀yìn sẹ́yìn
- igbe rẹ̀ yí padà, ó ń ké tín-ín-rín
- ara rẹ̀ gbóná, tàbí gìrì mú un

Bí gìrì bá mú un, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, ì báà ṣe àgbo, ì báà ṣe ìtọ̀ màlúù. Ẹ fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí ẹ sì máa lọ.

Kí ló kan kánfọ̀?

Kánfọ̀ tí à ń wí ni hóró funfun roboto tí à ń jù sáàárín aṣọ kí aáyán àti kòkòrò má baà bà á jẹ́. Náfútálínì ni. Èéfín rẹ̀ tí ọmọ ń fà símú, àti èyí tó ti mu sára aṣọ tó ń gba awọ rẹ̀ wọlé, lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀ wọ́ọ́wọ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ. Èròjà kan wà tí wọ́n ń pè ní G6PD tó máa ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ pupa, àwọn ọmọ kan sì wà tí tiwọn kò tó láti inú oyún wá. Ní Nàìjíríà, ó tó ọ̀kan nínú ọmọkùnrin mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ọmọbìnrin náà lè ní i, àmọ́ ti ọkùnrin wọ́pọ̀ jù, ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin sì ti ń jogún rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ní i tí wọ́n ti dàgbà di bàbá láìmọ̀. Ojú kò lè rí i lára ọmọ, ilé ìwòsàn tó sì ń yẹ̀ ẹ́ wò kò pọ̀. Èyí ló jẹ́ kó bọ́gbọ́n mu kí a ṣe bí ẹni pé gbogbo ọmọ ló ní i, kí a sì lé kánfọ̀ jáde nílé.

Ẹ kó gbogbo aṣọ ọmọ, ọ̀já, ìbora àti aṣọ tí ìyá máa wọ̀, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, kí ẹ sì sá wọn síta títí òórùn náà á fi tán pátápátá. Fífọ̀ lẹ́ẹ̀kan lè má tó. Aṣọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lò, tó ti wà nínú àpótí láti ọdún mẹ́ta, ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Kánfọ̀ inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà, ẹ kó o dànù.

Ibi tó máa ń ṣòro ni ọjọ́ ìkómọ. Ìyá ọkọ dé, ó wọ aṣọ òkè tó ti ń pamọ́ láti ìgbà ìgbéyàwó, òórùn kánfọ̀ ti ṣáájú rẹ̀ wọlé, ó sì na ọwọ́ pé kí wọ́n gbé ọmọ fún òun. Ìyàwó kò lè sọ pé rárá. Bàbá ọmọ ni kí ó sọ ọ́, kí ó sì ti sọ ọ́ lórí fóònù ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú: “Ẹ jọ̀wọ́ mà, dókítà ní kí ẹnikẹ́ni tó bá máa gbé ọmọ yìí má wọ aṣọ tó ní kánfọ̀.” Ẹ di ẹrù náà lé dókítà lórí, kò ní bínú.

Mẹ́ńtọ́ tún wà nílẹ̀. Ní 1980, Olikoye Ransome-Kuti, tó wá di mínísítà ètò ìlera lẹ́yìn náà, àti dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, S. A. Olowe, tẹ ìwádìí kan jáde lórí ewu ibà pọ́njú fún ọmọ tí G6PD rẹ̀ kò tó, tí wọ́n sì ń fi nǹkan tó ní mẹ́ńtọ́ pa lára. Ìpara títa tí à ń fi pa àyà ọmọ tó ní ọ̀fìnkìn, pọ́dà tó ń tutù lára, ìyẹn ni. Àwọn kan tilẹ̀ ń fi sí ìwọ́. Jẹ́ẹ̀lì chlorhexidine ni wọ́n ń fún ni ní ilé ìlera fún ìwọ́; ẹ má jẹ́ kí ó kan ojú ọmọ, nítorí àwọn kan ti ṣì í kán sójú bí oògùn ojú, ó sì bà á jẹ́. Làálì náà kò yẹ ọmọ tuntun. Ẹ lè gbọ́ pé ẹ̀wà kò dára fún ẹni tí G6PD rẹ̀ kò tó, àmọ́ ìyá ọmọ lè jẹ ẹ́ ní àjẹyó: ẹ̀wà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ti àwọn ará Òkun Mẹditaréníà ni, kì í ṣe tiwa.

Òòrùn àárọ̀, omi gúlúkóòsì àti àgbo

Ẹni tó kọ́kọ́ gbé ọmọ sí òòrùn kò gọ̀. Ní 1956, ní ilé ìwòsàn Rochford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Jean Ward máa ń gbé àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé jáde sí òòrùn. Ó fi ọmọ kan han àwọn dókítà: gbogbo ara rẹ̀ ti mọ́, àfi ibi tí igun aṣọ ti bò ó, tó ṣì pọ́n. Ibẹ̀ ni ìtọ́jú iná búlúù tí ilé ìwòsàn ń lò fún ibà pọ́njú ti wá. Ní Èkó, àwọn dókítà ní ilé ìwòsàn Island Maternity dán òòrùn wò lábẹ́ ọ̀rá pàtàkì kan tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ búlúù kọjá, tó sì ń dí ìtànṣán tó ń jó awọ lọ́nà. Èsì rẹ̀ jáde ní 2015, ó sì dára. Àmọ́ nọ́ọ̀sì dúró tì wọ́n, ó ń wọn ìgbóná ara ọmọ kọ̀ọ̀kan léraléra, wọ́n sì ti gba ẹ̀jẹ̀ wọn wò.

Èyí tí à ń ṣe níwájú ilé kò jọ ọ́. Ọmọ wọ fìlà, ó wọ ìbọ̀sẹ̀, ó gba òòrùn ìṣẹ́jú díẹ̀, a gbé e wọlé. Bí a bá sì tú u síhòòhò fún ìgbà pípẹ́, òòrùn lè jó o, omi ara rẹ̀ lè gbẹ. Ohun tó burú jù nínú rẹ̀ ni pé a ó máa rò pé a ti ń tọ́jú rẹ̀, ọjọ́ méjì á sì ti lọ.

Omi gúlúkóòsì kì í fọ ibà pọ́njú dànù. Ṣe ló ń kún ọmọ níkùn tí kò fi ní fẹ́ ọyàn, bẹ́ẹ̀ wàrà ọyàn ló ń jẹ́ kí ó yàgbẹ́, inú ìgbẹ́ sì ni bilirubin ń bá lọ. Ẹ fún un ní ọyàn, títí kan omi ọyàn àkọ́kọ́ tó nípọn, ní ìgbà mẹ́jọ ó kéré tán láàárín ọ̀sán àti òru. Omi ìbẹ́pẹ àti àgbo kò ṣe é fún un, bẹ́ẹ̀ ni oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń tà fún ni láti máa kán sí i lẹ́nu.

Tí ẹ bá dé ilé ìwòsàn

Wọ́n máa gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ díẹ̀. Bí bilirubin bá ga, wọ́n á tẹ́ ẹ sábẹ́ iná búlúù, wọ́n á bo ojú rẹ̀, ìtẹ́dìí nìkan ni wọ́n á fi sílẹ̀ lára rẹ̀. Ẹ má da aṣọ bò ó nítorí òtútù. Ibi tí iná kò bá kàn kò gba ìtọ́jú. Ẹ gbé e jáde kí ó mu ọyàn, kí ẹ sì dá a padà. Bí ó bá ti ga jù, wọ́n lè ní kí àwọn pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó máa ń ba òbí lẹ́rù, àmọ́ ó ti gba ọpọlọ ọmọ púpọ̀ là. Ẹ tètè buwọ́ lù ú, kí bàbá sì wá ẹni tó máa fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.

Ìyá tí irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ O, ẹ sọ fún wọn, nítorí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè bá ti ọmọ tó jẹ́ A tàbí B jà. Ìyá tí irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ Rh nẹ́gátíìfù, tí ọmọ rẹ̀ sì jẹ́ pọ́sítíìfù, abẹ́rẹ́ kan wà tó yẹ kó gbà láàárín wákàtí 72 tó bímọ, nítorí oyún tó ń bọ̀. Kí ẹ tó kúrò, ẹ bi wọ́n léèrè ọjọ́ tí wọ́n máa yẹ etí ọmọ wò.

Bí ojú rẹ̀ bá ṣì pọ́n lẹ́yìn ọjọ́ 14, ẹ padà lọ, bí ó tilẹ̀ ń jẹun tó sì ń sanra. Ẹ wo ìgbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá funfun bí ẹfun, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì ń pọ́n ìtẹ́dìí, ọ̀nà tí òróòro ń gbà kúrò nínú ẹ̀dọ̀ lè ti dí. Iṣẹ́ abẹ ló ń ṣí i, ó sì máa ń dára jù bí wọ́n bá ṣe é kí ọmọ tó pé ọjọ́ 60. Ẹ ká ìtẹ́dìí tí ìgbẹ́ náà wà nínú rẹ̀ sínú ọ̀rá, kí ẹ mú un dání lọ fún dókítà.