Bí mo ṣe pín 4294967297 ní Kétu

Àbúrò mi ló gbé e wá láti ilé ẹ̀kọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan: 4294967297. "Ẹ̀gbọ́n, ǹjẹ́ ohun kan wà tó lè pín èyí láìṣẹ́kù, yàtọ̀ sí 1 àti òun fúnra rẹ̀?" Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, tí kò jìnnà sí Akaba Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin, la jókòó sí. Mo fi 3 pín in, mo fi 7, mo fi 11, mo fi 13. Ilẹ̀ ṣú, ọwọ́ mi ò ba nǹkan kan. Tí n bá sì fẹ́ bá a lọ bẹ́ẹ̀, àfi kí n dé 65536 kó tó dá mi lójú.

Lọ́jọ́ kejì mo fi pípín sílẹ̀, mo wo bí nọ́ńbà náà ṣe jẹ́. Mú 1, sọ ọ́ di ìlọ́po méjì ní ìgbà 32, kí o wá fi 1 lé e: òun nìyẹn. Fermat, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, rò ní nǹkan bí 1640 pé tí iye ìgbà yẹn bá jẹ́ 1, 2, 4, 8, 16, 32 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ohun tó bá jáde kò ní ṣeé pín. 3, 5, 17, 257 àti 65537 gbè é lẹ́yìn lóòótọ́. Euler, onímọ̀ ìṣirò mìíràn, ló já a ní koro ní 1732.

Ká ní nọ́ńbà kan tí òun fúnra rẹ̀ kò ṣeé pín, ká pè é ní P, pín tiwa láìṣẹ́kù. Mo ń sọ 1 di ìlọ́po méjì, mo ń fi P pín in, ìyókù nìkan ni mò ń mú dání. Ní ìgbà 32, ìyókù yóò ku 1 péré kó pé P. Ìgbà 64 ló máa tó padà sí 1, kò lè yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí agbo ijó ni: ẹni 64 ló wà nínú rẹ̀. Gbogbo ìyókù, láti 1 títí dé èyí tó kángun sí P, ló máa bọ́ sínú irú agbo bẹ́ẹ̀, 64, 64, ẹnì kan ò ní dá dúró síta. Mo fò dìde nígbà tó yé mi! Tí a bá yọ 1 kúrò lára P, 64 gbọ́dọ̀ pín ohun tó kù.

65, 129, 193... Mo pa àwọn tó ṣeé pín rẹ́. 193 ṣẹ́ku 109. 257 ṣẹ́ku 2. 449 ṣẹ́ku 325. 577 ṣẹ́ku 288. Mo gbé 641 lé e, kò ṣẹ́ku ohunkóhun. Àbúrò mi, tó jẹ́ pé Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ ọ ní ìṣirò, pariwo: "Ẹgbẹ̀ta ó lé mọ́kànlélógójì!"

Ó sọ 641 di púpọ̀ pẹ̀lú 6700417, èsì pípín náà, gbogbo rẹ̀ pé. Ó wá béèrè bóyá 6700417 náà ṣeé pín. Nọ́ńbà 7 péré ló kù tó yẹ ká dán wò, torí a ò ní kọjá 2588 (2589 lọ́nà 2589 ti ju 6700417 lọ): 641 lẹ́ẹ̀kan sí i, 769, 1153, 1217, 1409, 1601 àti 2113. Àbúrò mi ló fi gbogbo wọn pín in wò. Kò sí èyí tó wọlé.