Búréèkì mọ́tò yín ń ké? Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ irú igbe tó ń ké

Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú di búréèkì tó ń pariwo o. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kẹ́ ẹ ta epo sí i kó lè dákẹ́, ẹ má dá a lóhùn láéláé, ariwo lè lọ lóòótọ́ ṣùgbọ́n tí epo bá ti kan páàdì (èyí tó ń há dísìkì mọ́ kí mọ́tò lè dúró) àbí dísìkì (irin róbótó tó ń yí pẹ̀lú táyà), ẹ máa tẹ̀ ẹ́ mọ́tò ò ní dúró.

Tó bá jẹ́ àárọ̀ nìkan ló ń dún, pàápàá tí òjò bá rọ̀ mọ́jú, dísìkì ló dógùn-ún díẹ̀, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ bí ẹ̀ẹ̀mẹta mẹ́rin á lọ. Tó bá ń ha kẹ̀ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ tẹ búréèkì rárá, tó jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba títì oníyanrìn inú àdúgbò kọjá, ó lè jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ ló há sáàárín dísìkì àti páànù tó bò ó lẹ́yìn.

Èyí tó ń dún fíín tẹ́ ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, páàdì ló ń tán. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lára ọ̀pọ̀ páàdì, tó bá ti ku nǹkan bíi 2 sí 3 mm, irin yẹn á máa kan dísìkì, wọ́n dìídì fi síbẹ̀ kẹ́ ẹ lè gbọ́ ni. Tó bá wá ń lọ̀ gìrì-gìrì bí ọlọ ata, irin ti ń jẹ irin nìyẹn, ẹ páàkì ẹ̀, ẹ má wà á dé Mile 12 pé ẹ máa tún un ṣe tẹ́ ẹ bá dé.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín, ilẹ̀ tó tẹ́jú ni kẹ́ ẹ lò, ẹ fi òkúta dènà àwọn táyà tó kù, ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì nìkan. Ẹ yọ táyà, ẹ wo páàdì. Tuntun máa ń nípọn tó 10 sí 12 mm, tó bá ti wálẹ̀ dé 3 mm ẹ pààrọ̀ ẹ̀, tọ̀tún tòsì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wo ti inú dáadáa o, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò, torí tí ti inú bá tán tí ti ìta ṣì nípọn, á jẹ́ pé pín kálípà (irin tí kálípà, ìyẹn ohun tó ń fún páàdì mọ́ dísìkì, fi ń sún lọ sún bọ̀) ti gan, ẹ bá mi fọ̀ ọ́ mọ́, kẹ́ ẹ fi gíríìsì tó lè gba iná pa á, kó má kan ojú páàdì. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ eruku ibẹ̀, kò dáa fún ẹ̀dọ̀fóró, aṣọ tútù ni kẹ́ ẹ fi nù ún. Kálípà náà, tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, ẹ fi wáyà so ó rọ̀, kó má fi rọ́bà tó ń gbé epo búréèkì wá sínú ẹ̀ rọ̀.

Tẹ́ ẹ bá dì í tán, kẹ́ ẹ tó sún mọ́tò rárá, ẹ tẹ pẹ́dàlì léraléra títí á fi le lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, torí ìtẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn páàdì tuntun máa ń wọlẹ̀ pátápátá. Ẹ wà á jẹ́jẹ́ fún bíi 300 km, kí páàdì àti dísìkì lè mọ ara wọn.