Bí A Ṣe Ń Ṣírò Ìwọ̀n Ọ̀nà àti Àkókò Ìrìn Láàárín Pápákọ̀ Òfuurufú Kékeré Méjì

Nígbà tí ìwé ìrìnnà bá sọ pé wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15 ni ọkọ̀ òfuurufú yóò lò, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ojú sánmà ni yóò ti lo gbogbo rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ọkọ̀ bá ṣí kúrò níbi tó dúró sí ni wọ́n ti ń ka àkókò náà, títí ó fi dúró níbi tí èrò yóò ti sọ̀ kalẹ̀ lọ́hùn-ún.

Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí pápákọ̀ méjèèjì wà gan-an. Ẹ má gbára lé orúkọ ìlú, nítorí ìlú kan lè ní ju pápákọ̀ kan lọ, òmíràn sì jìnnà sí ìgboro. Lẹ́tà mẹ́ta tó dúró fún pápákọ̀ kọ̀ọ̀kan lára ìwé ìrìnnà ni kí ẹ fi wá ìlà ìbú wọn (ibi tí wọ́n wà láti àríwá sí gúúsù) àti ìlà òòró wọn (ibi tí wọ́n wà láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn).

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọ̀kan wà ní dígírì 44 ní àríwá, èkejì ní 46, tí dígírì 4 sì wà láàárín wọn láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn. Dígírì kan láti àríwá sí gúúsù jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 111 níbi gbogbo, nítorí náà méjì jẹ́ 222. Ti ìlà òòró kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀, torí pé àwọn ìlà náà ń súnmọ́ra bí a ṣe ń lọ sí orí ayé tàbí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ óò sọ 111 di ìlọ́po 4, kí ẹ tún fi kósáìnì (àmì cos lórí ẹ̀rọ ìṣirò) dígírì 45 tó wà láàárín 44 àti 46, ìyẹn 0.707, sọ ọ́ di púpọ̀, yóò sì fún yín ní 314. Ẹ fi 222 lọ́po ara rẹ̀, ẹ fi 314 náà lọ́po ara rẹ̀, ẹ ro méjèèjì pọ̀, kí ẹ sì tẹ àmì √ lórí ẹ̀rọ ìṣirò: kìlómítà 385 ló máa jáde. Àwọn awakọ̀ òfuurufú a máa fi máìlì ojú òkun kà á, tí ọ̀kan jẹ́ mítà 1,852; nǹkan bíi 208 nìyẹn. Fún ọ̀nà tó gùn ju kìlómítà ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ, ọ̀nà ìṣirò yìí kò péye mọ́, nítorí pé ayé rí roboto.

Ó wá ku àkókò. Ọkọ̀ kékeré tó ń fi abẹ̀bẹ̀ fò a máa sáré tó kìlómítà 500 ní wákàtí kan, ìṣẹ́jú 46 ni yóò sì lò. Ẹ fi nǹkan bíi 30 kún un fún rírìn lórí ilẹ̀, gbígòkè àti sísọ̀kalẹ̀. Jẹ́ẹ̀tì tó ń sáré 800 yóò lo 29, ẹ fi 30 kan náà kún un. Pẹ̀lú gbogbo eré yẹn, ìṣẹ́jú 17 péré ló fi yá ju èkejì lọ, kódà kì í tó bẹ́ẹ̀, nítorí kí jẹ́ẹ̀tì tó gòkè dé ibi tí eré rẹ̀ ti pé, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àkókò láti máa sọ̀ kalẹ̀. Èyí ni mo fẹ́ kí gbogbo arìnrìn-àjò mọ̀ kó tó sanwó ọkọ̀ tó yá jù.

Afẹ́fẹ́ náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Bí ó bá ń fẹ́ bọ̀ lójú ọkọ̀ ní kìlómítà 60 ní wákàtí kan, ìṣẹ́jú 46 yẹn á di nǹkan bíi 53. Bí ó bá ń tì í lẹ́yìn, á di 41. Nítorí náà àlọ àti àbọ̀ kì í sábà gba iye àkókò kan náà.

Ní ìkẹyìn, ẹ wo aago. Aago ibi tí ọkọ̀ ti gbéra ni wọ́n fi kọ àkókò ìgbéra, aago ibi tó ń lọ ni wọ́n sì fi kọ ti ìgúnlẹ̀. Bí ìwé bá sọ pé ọkọ̀ gbéra ní 10:40, tó sì dé ní 10:55, ìlú tó ń lọ fi wákàtí kan wà lẹ́yìn ni; wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15 ni ìrìn náà. Bí ẹ bá ń padà bọ̀, ìrìn kan náà yóò dà bí wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 15 lórí ìwé.