Bí a ṣe ń tọ́jú ọmọ tí ìgbẹ́ ń le fún, tó sì ń ṣu sára

Ọ̀rá dúdú ni olùkọ́ fi máa ń di pátá tí ọmọ mi ṣu sí fún mi. Lọ́sẹ̀ kan, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gba irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ lẹ́nu géètì ilé ìwé ní Èbúté Mẹ́tta, táwọn ìyá yòókù ń wò mí bíi pé n kì í wẹ ọmọ mi. Ọmọ ọdún 5 ni. Mo bá a wí, mo nà án, mo tún lọ ra oògùn tó ń dá ìgbẹ́ gbuuru dúró ní kẹ́míìsì, torí omi ìgbẹ́ ni mo ń rí lára pátá. Oògùn yẹn ló wá dí i pa pátápátá. Ìgbẹ́ gbuuru kọ́ ló ń ṣe é. Ìgbẹ́ líle ló há sí i nínú.

Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Lọ́jọ́ kan, ọmọ á ya ìgbẹ́ tó dùn ún. Ibà lè ti ṣe é tí kò mumi, tàbí kó jẹ́ pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ilé ìwé wọn ń rùn, ó wá ń mú un mọ́ra títí dilé. Látọjọ́ náà lá ti máa sá fún un. Bí ìgbẹ́ bá ń gbọ̀n ọ́n, á lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, á pa ẹsẹ̀ pọ̀, á dìde dúró lórí ìka ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ á pọ́n, òógùn á bò ó. A máa ń rò pé ó ń tiraka kó lè yà á ni. Rárá o, ó ń fún ìdí pọ̀ kó má baà jáde ni. Èyí tó dá padà, ìfun á fa omi inú rẹ̀ gbẹ, á le bí òkúta, tuntun á tún gorí ẹ̀. Ìfun á fẹ̀ títí tí kò fi ní mọ̀ mọ́ pé òun ti kún. Èyí tó ṣì rọ̀ lókè á wá gba ẹ̀gbẹ́ òkúta yẹn jò sí pátá. Nítorí náà, bí ọmọ bá ní, "Mọ́mì, mi ò mọ̀gbà tó jáde," òótọ́ ló ń sọ.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa ṣe ni kí ẹ ju pàṣán nù. Ẹni tí wọ́n nà nítorí ìgbẹ́ á túbọ̀ máa mú un mọ́ra ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé kàlẹ́ńdà kọ́ ògiri, kí ẹ máa sàmì sí ọjọ́ tó bá yàgbẹ́, bó ṣe rí, àti ọjọ́ tó bá ṣu sára. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì péré tàbí kò tó bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀, tó ti ń bá a bọ̀ fún bí oṣù kan, tí ìgbẹ́ ń dùn ún tàbí tó tóbi débi tó ń dí ihò ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ gbé kàlẹ́ńdà àti ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn àdúgbò yín. Ẹ má fi falẹ̀ rárá bí ikùn bá wú, tó ń bì, pàápàá èébì aláwọ̀ ewé, bó bá ń rù, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò bá lágbára, tàbí bí ẹ bá rántí pé nígbà tí ẹ bí i, wákàtí 48 kọjá kó tó ya ìgbẹ́ dúdú àkọ́kọ́. Ìfun tí wọ́n bí i mọ́ ló lè ní àbùkù nígbà náà. Irú èyí ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá, bíi LUTH ní Ìdí-Àràbà tàbí LASUTH ní Ìkẹjà, l'Ékòó níbí.

Ní ti oògùn, iṣẹ́ méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ká kó èyí tó há jáde. Ìyẹ̀fun kan tí wọ́n ń pè ní macrogol ni wọ́n sábà máa ń fún ọmọ, a máa ń pò ó mọ́ omi. Ìwọ̀n ara ọmọ ni dókítà máa fi mọ iye tó máa lò. Wọ́n á fún un dáadáa fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, torí ṣíṣu sára á kọ́kọ́ pọ̀ sí i kó tó dín kù, ẹ ò sì ní fẹ́ kó bá a ní ilé ìwé. Ẹ má ki ọṣẹ bọ̀ ọ́ nídìí, ẹ má fi rọ́bà fún omi sí i, ẹ má sì bu àgbo jẹ̀dí fún un. Ìyá àgbà kan nínú ilé wa sọ fún mi pé, "Ìyá Ìbejì, ṣúgà ló fà á, jẹ̀díjẹ̀dí ni." Mo ní ẹ ṣé, Mà. N kò bu àgbo.

Iṣẹ́ kejì ló máa ń sú èèyàn: oògùn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ kí ìgbẹ́ máa rọ̀, ó kéré tán fún oṣù 2, ó sì sábà máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2 tí pátá mọ́, èmi dá a dúró. Kò pẹ́ tí ọ̀rá dúdú fi padà dé. Ìfun tó ti fẹ̀ ò lè sún kì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Oògùn nìkan ò tó, ó gbọ́dọ̀ máa jókòó. Yàrá 8 ló ń lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo nínú ilé wa. Bó bá ti di aago 5 ààbọ̀ ìdájí, bókẹ́ẹ̀tì ti tò síwájú ilẹ̀kùn, wọ́n ń kanlẹ̀kùn mọ́ ẹni tó wà nínú pé, "Ẹ tètè jáde o!" Ọmọdé wo ni ìgbẹ́ máa wá fún níbẹ̀? Mo ra póò fún un, mo gbé e sí kọ̀rọ̀ yàrá. Bó bá jẹun tán, ìfun máa ń ta jí, nítorí náà kété lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀ àti ti alẹ́ ni kó jókòó, fún ìṣẹ́jú 5 sí 10. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ máa rọ̀ dirodiro. Bó bá jókòó sórí àwo ìgbọ̀nsẹ̀ àgbàlagbà, àpótí tí mo fi ń jókòó dáná ni mo máa ń gbé sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kí orúnkún lè ga ju ìbàdí lọ. Ẹ fún un ní bàlúùnù kó máa fẹ́, yóò máa ti ikùn láìmọ̀. Jíjókòó ni kí ẹ yìn ín fún, ì báà yà á, ì báà má yà á. Tèmi ń fi bírò ya ìràwọ̀ sórí kàlẹ́ńdà.

Oúnjẹ ò le: ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ìbẹ́pẹ, ọsàn tó jẹ, tí kì í ṣe omi rẹ̀ nìkan ló mu, omi dáadáa, kí mílíìkì má sì pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ìbẹ́pẹ ò lè tú èyí tó ti há.

Ẹ bá olùkọ́ sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀. Ohun tí mo bẹ̀bẹ̀ fún ò ju méjì lọ: kó máa jáde láìnawọ́, kí wọ́n sì máa pààrọ̀ aṣọ fún un láìjẹ́ kí ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀. Pátá 2 àti ṣòkòtò 1 wà nínú báàgì rẹ̀ nígbà gbogbo.

Bí oṣù kan bá kọjá tí kò dùn ún mọ́, tí kò ṣu sára, tí oṣù 2 sì ti pé, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà kó máa dín oògùn kù díẹ̀díẹ̀. Tiwa gba oṣù 9. Bó bá tún ń já bíi ìgbẹ́ ewúrẹ́ lákòókò yẹn, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà gan-an, kó tó tún há.