Bí mo ṣe dín flag log irinṣẹ́ wa kù, àti ibi tí argparse ti fojú mi rí màbo

Owó ni ó gbé mi dé ìdí iṣẹ́ yìí. Ilé iṣẹ́ wa ní irinṣẹ́ kan tí àwọn tí ó ṣáájú mi fi Python kọ, tí cron, ètò tí ń fi àsìkò pe iṣẹ́, máa ń pè lóròòru láti kó àkọsílẹ̀ àwọn oníbàárà láti ibi kan lọ sí ibòmíràn. Ní ìparí oṣù kan, owó tí wọ́n ní kí a san lórí títọ́jú log (àkọsílẹ̀ ohun tí irinṣẹ́ ń ṣe) sórí cloud ju owó server fúnra rẹ̀ lọ. Dọ́là ni wọ́n sì ń gbà, bẹ́ẹ̀ náírà ni àwa ń pa. Nígbà tí mo tú script inú cron wò, mo rí i pé ẹnì kan ti kọ flag --debug sí i (flag ni àṣẹ kékeré tí a ń kọ mọ́ orúkọ irinṣẹ́; èyí ń mú kí ó sọ gbogbo ohun tí ó ń ṣe) nígbà tí ó ń wá ìdí àṣìṣe kan, tí ẹlòmíràn sì wá fi --quiet sí i lẹ́yìn náà, ó rò pé òun ti pa á lẹ́nu mọ́. Ojú terminal nìkan ni --quiet ń mú dákẹ́. Fáìlì log tí ó ń gun orí cloud kò gbọ́ nǹkan kan nípa rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ lọ ní tirẹ̀.

Mo wá pe --help, tí ń to gbogbo flag irinṣẹ́ jáde, láti mọ ohun tí ẹni tí ó kọ --quiet ì bá ti rí kà. Flag log ló kún òkè rẹ̀: --verbose, --debug, --trace, --quiet, --silent, --log-level, --output-log, débi pé flag tí a fi ń yan ọjọ́ àkọsílẹ̀, èyí tí gbogbo ènìyàn ń wá, ti wọ ìsàlẹ̀ níbi tí ojú kò ti tó o. Ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ --debug ni pé ó máa ń tan debug. Ta ni kò mọ ìyẹn? Ohun tí ènìyàn nílò láti mọ̀ ni pé bí òun bá kọ --debug àti --quiet pọ̀, èwo ni yóò borí, àti pé ibo ni ọ̀rọ̀ náà yóò lọ, ṣé ojú terminal ni tàbí inú fáìlì. Kò sí èyí tí wọ́n dáhùn nínú méjèèjì.

Kì í ṣe àwa nìkan ni irú èyí bá. Kubernetes, ètò tí a fi ń darí app lórí ọ̀pọ̀ server, náà jogún --logtostderr, --alsologtostderr, --log-dir àti ẹgbẹ́ wọn láti ara glog, library log tí ó ti ọ̀dọ̀ Google wá. Ní ẹ̀dà 1.23, ní ìparí ọdún 2021, wọ́n kéde pé àwọn flag náà ń lọ sílé; ẹ̀dà 1.26, ní ìparí ọdún 2022, ni wọ́n tó yọ wọ́n kúrò, tí wọ́n sì fi -v àti --vmodule sílẹ̀. Odidi ọdún kan ni wọ́n fi kìlọ̀ kí wọ́n tó gé e. Mo rántí ìyẹn dáadáa nígbà tí tèmi dé.

Títún kóòdù log kọ kò le, ẹni tí ó bá ti lo logging Python yóò mọ bí ó ṣe ń lọ. Mo jẹ́ kí ìpele kan ṣoṣo, tí ń sọ bí ọ̀rọ̀ log yóò ṣe pọ̀ tó, máa darí ojú terminal àti fáìlì pọ̀: WARNING bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ nǹkan kan, INFO fún -v, DEBUG fún -vv, ERROR fún -q. Ẹni tí ó bá kọ -v àti -q pọ̀, irinṣẹ́ náà yóò kọ̀ fún un. Log tí ó ń hàn lójú terminal ń gba stderr, ojú ọ̀nà ìkìlọ̀ àti àṣìṣe; àbájáde iṣẹ́ nìkan ni ó ń gba stdout, kí ẹni tí ó ń fi pipe gbé àbájáde JSON lọ sínú jq, irinṣẹ́ tí ń ka JSON, má baà bá ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ pàdé láàárín rẹ̀. Mo yí --output-log padà sí --log-file, mo yọ --log-level, orí mi sì wú. Mo gbé e sórí server ìdánwò.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n tí ó ń bójú tó àwọn server wa pè mí. "Àbúrò, kí ni fáìlì tí ń jẹ́ debug yìí ń wá nínú fódà wa?"

N kò mọ̀ ọ́n rí. Mo wá inú kóòdù títí, kò sí ibi tí a ti pa irú orúkọ bẹ́ẹ̀ láṣẹ. Inú àwọn script àtijọ́ ni mo ti wá rí i: ẹnì kan ti kọ --log debug síbẹ̀. Flag tí ń jẹ́ --log kò sí nínú irinṣẹ́ wa láti ọjọ́ tí a ti dá a, ṣùgbọ́n argparse, library Python tí ó ń ka àwọn flag fún irinṣẹ́ wa, máa ń gba gígékúrú orúkọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí ó gbà á. Bí ohun tí o kọ bá ti bá ìbẹ̀rẹ̀ flag kan ṣoṣo mu, ó parí, òun ni yóò lò. Láyé àtijọ́, --log-level nìkan ni ó bẹ̀rẹ̀ báyẹn, gbogbo ènìyàn sì ń jẹ ayé. Nígbà tí ìyẹn lọ, --log-file nìkan ló kù, argparse sì mú "debug" gẹ́gẹ́ bí orúkọ fáìlì, ó ń kọ log sínú rẹ̀ láìbi ẹnikẹ́ni léèrè. Ì bá tilẹ̀ kígbe! Àṣìṣe tí kò ké ni ó ń bí mi nínú jù nínú iṣẹ́ yìí.

Oògùn rẹ̀ wà nínú ìwé Python: allow_abbrev=False, tí ó ti wà láti ẹ̀dà 3.5. Mo fi sí i, ó ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà mi, --log debug sì di àṣìṣe tí ó ń ké bí ó ti yẹ. Mo tún gbé e lọ. Server ní òun kò mọ ohun tí ń jẹ́ -vv. Èwo tún ni èyí? -v ń ṣiṣẹ́, -v -v náà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí a bá so wọ́n pọ̀, ó di "unrecognized arguments". Mo fi ọ̀pọ̀ wákàtí fura sí kóòdù tèmi kí n tó ka gbólóhùn kékeré kan ní ìsàlẹ̀ àlàyé allow_abbrev: ṣáájú Python 3.8, bí a bá pa gígékúrú, a ti pa síso àwọn flag onílẹ́tà kan pọ̀ mọ́ ọn náà. Python 3.6 ni ó wà lórí server ọ̀hún, kò sì sí ẹni tí yóò gbà kí n fọwọ́ kàn án nítorí log.

Mo gé -vv dànù. INFO di -v, DEBUG di --debug gbalaja, kí ẹni tí ó bá ń ka script lè rí i láti òkèèrè. Ó dára ju ohun tí mo kọ́kọ́ rò lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbínú ni ó bí i. Mo dá --log-level padà, mo fi argparse.SUPPRESS fi í pamọ́ kúrò nínú --help, mo sì kọ Action kékeré kan (kóòdù tí argparse ń pè nígbà tí ó bá rí flag) tí ń sọ lórí stderr pé èwo ni kí ènìyàn máa lò báyìí. Ní Python 3.13, deprecated=True ti ń ṣe irú ìkìlọ̀ yìí fúnra rẹ̀; ẹni tí server rẹ̀ bá jẹ́ tuntun, kí ó má da ara rẹ̀ láàmú.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ fi grep, àṣẹ tí ń wá ọ̀rọ̀ nínú fáìlì, wá inú gbogbo script kí ẹ tó yọ flag kan ṣoṣo, kí ẹ sì máa wá ohun tí àwọn ènìyàn kọ gan-an, kì í ṣe ohun tí --help ní kí wọ́n kọ. Ẹ wo ẹ̀dà Python tí ó wà lórí server tí ó dàgbà jù. Ní ti --help, flag iṣẹ́ ni mo gbé sókè, àwọn ti log wà ní ìsàlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ tiwọn, gbogbo rẹ̀ sì gba inú terminal onílà 24 láìjẹ́ pé ènìyàn ń yí i sókè sódò. Ẹ̀gbẹ́ -q kà báyìí: àṣìṣe nìkan, lójú terminal àti nínú fáìlì. Ẹnì kan ti wá bẹ̀ mí pé kí n dá --silent padà fún òun. Mo ní kí ó lọ kọ 2>/dev/null, tí ń da ohun tí ó bá gba stderr nù, sínú script tirẹ̀.