Àjẹsára HPV: Ibi Tí Iṣẹ́ Dé àti Ohun Tó Kù fún Òbí Láti Ṣe

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fi àjẹsára HPV, abẹ́rẹ́ tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ, kún àwọn tí à ń fún ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìpínlẹ̀ 15 àti Àbújá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, Èkó, Ògùn àti Ọ̀ṣun sì wà lára wọn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ó kan Ọ̀yọ́, Oǹdó, Èkìtì, Kwara àti àwọn ìpínlẹ̀ yòókù. Kòkòrò HPV, tí ènìyàn máa ń kó nípa ìbálòpọ̀, ni ó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ, àìsàn tó ń pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin wa lọ́dọọdún. Ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ni a ń fún ní abẹ́rẹ́ náà, nítorí pé kí kòkòrò tó wọ ara ni ààbò rẹ̀ ti ń múná jù. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń gún un, ní apá, èyí tó mú un rọrùn fún ìdílé tí oko wọn jìnnà.

Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọmọ ló ti gbà á, ohun ìdùnnú ńlá sì ni. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ti rí ọmọ púpọ̀ jù, nítorí náà ó rọrùn kí ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́, èyí tó ń bá ará ilé gbé, tàbí èyí tó wà ní abà lásìkò ìkórè ṣẹ́ kù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe rò pé àǹfààní ti kọjá lọ. Àjẹsára náà ti wà lára èyí tí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ń fúnni. Ẹ bèèrè ọjọ́ tí wọ́n ń gún un, torí pé inú òtútù ni wọ́n gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀ sí, kì í sì í wà ní gbogbo ibi lójoojúmọ́.

Àhesọ tó le jù ni pé abẹ́rẹ́ náà ń sọ ọmọ di àgàn. Ìbẹ̀rù òbí lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí kì í ṣe ohun tí a ń báni wí lé lórí, ìdáhùn ló yẹ ẹ́: kò sí kòkòrò ààyè nínú abẹ́rẹ́ náà, orílẹ̀-èdè tó lé ní 100 ló sì ń lò ó. Jẹjẹrẹ náà gan-an ni ó máa ń mú kí wọ́n yọ ilé-ọmọ obìnrin kúrò.

Kí ọmọ jẹun kó tó lọ. Ẹ sọ fún olùtọ́jú bí ara ọmọ bá ti kọ àjẹsára kan rí, kí ọmọ náà sì jókòó fún ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn abẹ́rẹ́, nítorí pé òòyì máa ń kọ́ àwọn ọmọ kan. Apá lè dùn ún, ara rẹ̀ sì lè gbóná díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ lọ. Ẹ tọ́jú káàdì àjẹsára rẹ̀ dáadáa.

Àjẹsára yìí kò ká gbogbo irú HPV, nítorí náà ọmọ tó gbà á ṣì máa nílò àyẹ̀wò ẹnu ilé-ọmọ bó bá dàgbà. Ìyá tó ti pé ọgbọ̀n ọdún tó mú ọmọ rẹ̀ wá lè bèèrè àyẹ̀wò náà fún ara rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn kan náà. Bí wọn kò bá ń ṣe é níbẹ̀, kí ó ní kí wọ́n júwe ibi tí wọ́n ti ń ṣe é fún òun.