Béèsì gìtá fún bẹ́ẹ̀ǹdì àdúgbò: bẹ́ ẹ ṣe máa rà á, bẹ́ ẹ ṣe máa fi ṣe pààrọ̀, àti bẹ́ ẹ ṣe máa ta á láì bá kíbọ́ọ̀dìsì jà

Ọ̀pọ̀ àwọn tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ béèsì, ìbéèrè tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi mi ni pé èwo ló dáa jù, ṣé Fender ni àbí Ibanez. Kò burú, àmọ́ kì í ṣe ibẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì lẹ ti ń ta á, tàbí bẹ́ẹ̀ǹdì àdúgbò tó ń gbéré ìgbéyàwó àti òkú àgbà lọ́jọ́ Sátidé, ohun tẹ́ ẹ ń wá ni gìtá tí ọrùn ẹ̀ gún, tí iná inú ẹ̀ ń ṣiṣẹ́, tí kò sì ní já èjìká yín kí pásítọ̀ tó parí ìwàásù. Orúkọ tí wọ́n kọ sórí ẹ̀ lè dúró ná. Tòkunbọ̀ Yamaha tí ọrùn ẹ̀ gún sàn ju Fender tí ọrùn ẹ̀ ti wọ́ lọ, ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé bẹ́ẹ̀ kọ́, ó ní èyí tó fẹ́ tà ni.

Okùn mẹ́rin àbí márùn-ún? Olókùn mẹ́rin ni Leo Fender gbé jáde ní 1951 tó pè ní Precision Bass, ohùn okùn ẹ̀ sì ni E, A, D, G, látorí èyí tó nípọn jù dé èyí tó tín-ínrín jù, òun náà la ṣì ń lò dòní. Olókùn márùn-ún fi B kún un nísàlẹ̀ E. Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ràn olókùn márùn-ún, ó sì nídìí, torí akọrin ò ní bi yín kó tó gbé orin sí D tàbí E flat, ẹni tó ní okùn mẹ́rin ò sì ní D tó wà nísàlẹ̀ yẹn, àfi kó gòkè lọ ta á, orin á wá fúyẹ́. Ṣùgbọ́n ọrùn olókùn márùn-ún fẹ̀, okùn kan sì lé tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ máa fọwọ́ pa lẹ́nu mọ́, nítorí náà ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, kó fi mẹ́rin bẹ̀rẹ̀ jàre. Ọmọdé tọ́wọ́ ẹ̀ ò tíì gùn, ẹ wá short scale fún un, ìyẹn èyí tí okùn ẹ̀ gùn tó 30 ínǹṣì, torí 34 ínǹṣì ni ti àgbà.

Ó dáa, ọjà yá. Ẹ lè lọ sí Aláàbà ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ẹ lè rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń kó tòkunbọ̀ wọlé látòkè òkun, ẹ sì lè rí i nínú àwọn gúrúùpù WhatsApp táwọn olórin ti ń ta nǹkan fúnra wọn. Níbi yòówù kó jẹ́, ẹ má dá lọ, ẹ mú ẹni tó mọ̀ ọ́n ta dání, kẹ́ ẹ sì mú nǹkan mẹ́rin sápò: jáàkì tiyín (wáyà tó ń so gìtá mọ́ ámpù), Allen key tí wọ́n fi ń yí skúrù, bátìrì 9V tuntun, àti fóònù tó ní áápù tuna, èyí tó ń sọ bóyá ohùn okùn pé. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ mú jáàkì tiyín ni pé ẹni tó ń tà á lè sọ pé jáàkì tòun ló bà jẹ́, gìtá ò ṣe nǹkan kan. Tó bá ní kò síná, ẹ ní kó tan jẹnẹrétọ̀, tí ò bá sí jẹnẹrétọ̀, ẹ padà wá lọ́la. Gìtá tẹ́ ẹ ò gbọ́ ohùn ẹ̀, ẹ má sanwó ẹ̀.

Ọrùn lẹ máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ gbé e sójú bí ọdẹ tó fẹ́ yìnbọn, kẹ́ ẹ wo ọrùn látọ̀dọ̀ orí lọ sọ́dọ̀ ara, tẹ́ ẹ bá rí i pé ẹ̀gbẹ́ kan ga tí ìkejì rẹlẹ̀, ọrùn ti lọ́ nìyẹn, ẹ gbé e sílẹ̀ kẹ́ ẹ máa lọ, kò sí oníṣẹ́ tó máa bá yín tún un ní owó pọ́ọ́kú. Tí ò bá lọ́, ẹ fìka òsì tẹ okùn tó nípọn jù mọ́ fírẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, ìyẹn irin tẹ́ẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ tó dábùú ọrùn, kẹ́ ẹ fìka ọ̀tún tẹ okùn yẹn kan náà mọ́ ibi tí ọrùn ti wọ ara gìtá, kẹ́ ẹ wá wo àárín, níbi fírẹ́ẹ̀tì keje sí ìkẹjọ. Àlàfo díẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kó gba business káàdì kan. Tí ATM káàdì bá wọ ibẹ̀ fàlàlà, ọrùn ti tẹ̀ síwájú, tí okùn bá sì lẹ̀ mọ́ fírẹ́ẹ̀tì pátápátá, ó ti tẹ̀ sẹ́yìn nìyẹn, á máa dún jìnìjìnì ni tẹ́ ẹ bá ń ta á.

Níbi táwọn tó ń tà á ti máa ń sọ̀rọ̀ jù nìyí. "Ẹ̀gbọ́n, okùn ẹ̀ ló kàn gbó o, tẹ́ ẹ bá ti pààrọ̀ okùn, gbogbo ẹ̀ á wà pa." Ẹ rọra dá a lóhùn pé, "Kò burú, àbúrò, jẹ́ ká fi Allen key yí truss rod ẹ̀ díẹ̀ ká wò ó." Truss rod ni irin tó wà nínú ọrùn, òun ló ń bá okùn fa ọrùn kó má tẹ̀. Ẹ dẹ okùn díẹ̀, kẹ́ ẹ yí i ní ìdá kan nínú mẹ́rin péré, kẹ́ ẹ tún okùn fà, kẹ́ ẹ tún wò. Tó bá gbọ́ràn, ọrùn yẹn ṣì láyé, ẹ lè rà á. Tó bá gan pa, tàbí tó ń yí lófìfo tí nǹkan kan ò yí padà, irin ti kú. Tí àbúrò bá sì ní kẹ́ ẹ má fọwọ́ kàn án rárá, ìdáhùn yín nìyẹn.

Ẹ rántí ìgbà tẹ́ ẹ ń rà á náà. Lásìkò ọyẹ́, igi máa ń gbẹ, ọrùn máa ń yí díẹ̀, orí irin fírẹ́ẹ̀tì á sì máa yọ létí ọrùn, á máa họ yín lọ́wọ́. Ìyẹn ò túmọ̀ sí pé gìtá ti bà jẹ́, fáìlì kékeré àti Allen key lè yanjú ẹ̀, àmọ́ ẹ fi dúnàádúrà.

Lẹ́yìn ọrùn, ẹ ta gbogbo fírẹ́ẹ̀tì lórí gbogbo okùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó máa sú ẹni tó ń tà á, ẹ jẹ́ kó sú u. Ibi tí ohùn bá ti kú tàbí tó ti ń dún jàà, ẹ fi sọ́kàn. Lẹ́yìn náà ẹ fìka kan okùn fẹ́ẹ́rẹ́ lókè fírẹ́ẹ̀tì kejìlá, láì tẹ̀ ẹ́, kó dún tín-ín, kẹ́ ẹ wá tẹ̀ ẹ́ mọ́ fírẹ́ẹ̀tì kejìlá yẹn gan-an, kẹ́ ẹ fi tuna wò ó. Ohùn méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu, tí wọn ò bá bára mu, skúrù bridge, ìyẹn ibi tí okùn ti so mọ́ ara gìtá, lẹ máa fi tún un ṣe, tí skúrù ò bá ti dípẹtà.

Ẹ wá kì í bọ ámpù. Tẹ́ ẹ bá ń yí nọ́ọ̀bù tó ń ṣe krààà krààà, ìdọ̀tí ni, contact cleaner á pa á, àmọ́ ẹ má sọ fún un pé ó rọrùn, ẹ ní kó yọ owó. Ẹ mi ìdí jáàkì, tí ohùn bá ń lọ tó ń bọ̀, wọ́n máa jó o mọ́ra. Tó bá ń kùn hùùù tó sì dákẹ́ nígbà tẹ́ ẹ fọwọ́ kan okùn, má fòyà, wáyà tó lọ sí bridge ṣì wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ active, ìyẹn èyí tó ń lo bátìrì, ẹ ṣí ilé bátìrì, bátìrì àtijọ́ máa ń dà síbẹ̀, tẹ́ ẹ bá rí nǹkan funfun tó gbẹ mọ́ irin, ẹ mọ̀ pé ọjọ́ ti pẹ́ tẹ́nì kan ti bojú wo inú ẹ̀. Lákòótán, ẹ fi bẹ́líìtì gbé e kọ́rùn kẹ́ ẹ jọ̀wọ́ ọwọ́ méjèèjì. Tí orí ẹ̀ bá já wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ọwọ́ òsì yín láá máa gbé e ní gbogbo ìgbà ìsìn, ẹ sì mọ bí vigil ṣe ń gùn tó.

Ti orúkọ tí mo ní kó dúró: lógò Fender ò ṣòro lẹ̀ mọ́ igi ṣáínà. Squier, Fender náà ló ni ín, owó ẹ̀ kéré, ó sì pọ̀ tó fún bẹ́ẹ̀ǹdì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Tẹ́nì kan bá ní Fender Amẹ́ríkà lòun ń tà, ẹ gba nọ́ńbà ara ẹ̀, kẹ́ ẹ lọ wò ó lórí sáìtì Fender kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sápò.

Ámpù ńkọ́? Gbólóhùn kan péré, àmọ́ ó ti jó owó ọ̀pọ̀ èèyàn: tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà, 120V ló ń lò, iná tiwa jẹ́ 230V sí 240V. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀ bóyá ó ní ibi tí wọ́n ti ń yí i, tí kò bá ní, ẹ ra step-down tó ń dín iná kù, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ èéfín lẹ máa rí. Tí owó ámpù ò bá tíì sí, DI box kékeré ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ tibẹ̀ wọ míkísà ṣọ́ọ̀ṣì.

Ó kan pààrọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ mọ iye tẹ́ni tó ní owó lọ́wọ́ á san lórí tiyín lónìí, kì í ṣe iye tẹ́ ẹ rà á lọ́jọ́ kìíní, torí dọ́là ń gòkè ó ń sọ̀, ọjà sì ń tẹ̀ lé e. Tí tiẹ̀ bá lówó lórí ju tiyín lọ, ẹ máa fi nǹkan lé e, tí tiyín bá lówó lórí jù, òun náà á fi nǹkan lé e, ẹ má jẹ́ kó ní "ẹ jẹ́ ká ṣe é bẹ́ẹ̀, ọmọ ìyá ni wá." Ẹ pàdé níbi tí iná wà, ẹ má fowó ránṣẹ́ ṣáájú. Ìbéèrè kan sì wà tó ń ti àwọn èèyàn lójú láti bi, ẹ bi í: "Ṣé tìẹ ni àbí ti ṣọ́ọ̀ṣì?" Béèsì ṣọ́ọ̀ṣì ń rìn gan-an nílùú yìí. Ọmọ tó bá pásítọ̀ jà lè gbé e jáde lálẹ́, kẹ́yin rà á láàárọ̀, kí àwọn alàgbà sì wá yín dé ilé lọ́sàn-án. Ẹ ní kó fi rìsíìtì hàn, tàbí fọ́tò ìgbà tó ti ń lò ó, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ló tà á.

Inú bẹ́ẹ̀ǹdì náà, tẹ́ ẹ bá dáwó ra gìtá, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an ta ló ni ín tí ẹgbẹ́ bá tú ká. Ojú á ti ẹnì kan, ẹ jẹ́ kó tì í.

Ó wá ku ká ta á. Akọrin ṣọ́ọ̀ṣì kì í dárúkọ kíì, á kàn gbé orin ni. Ẹ rọra kùn dò ẹ̀ lẹ́nu, kẹ́ ẹ máa fìka wá a lórí okùn E títí ẹ máa fi bá a. Ká ní G ni, ìyẹn fírẹ́ẹ̀tì kẹta lórí E. Fà wà ní fírẹ́ẹ̀tì kẹta náà lórí okùn A, sò wà ní ìkarùn-ún lórí A, dò òkè wà ní ìkarùn-ún lórí D. Àwòrán ọwọ́ yẹn ò yí padà, tó bá di A ẹ kàn gbé gbogbo ẹ̀ lọ sí fírẹ́ẹ̀tì karùn-ún. Dò, fà, sò yẹn nìkan á gbé yín la ọ̀pọ̀ orin ìyìn já, lá tẹ́ ẹ máa fi kún un á wá fúnra ẹ̀. Ìka ìlábẹ̀ àti ìka àárín lọ́wọ́ ọ̀tún ni kó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, okùn tẹ́ ẹ ò bá sì ta, ẹ fọwọ́ pa á.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ẹsẹ̀ dúrọ́mà. Ibi tí kick bá ti balẹ̀, ibẹ̀ ni kí ohùn yín balẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì lẹ ni ìsàlẹ̀ orin. Èmi ò fẹ́ràn kí ọmọ tí ò tíì mọ ibi tí kick wà máa na slap kiri, ìyẹn kó máa fi àtàǹpàkò gbá okùn, ariwo ni. Ẹ gbọ́ orin Fela, bí béèsì ṣe ń tún gbólóhùn kan náà sọ títí tí ara á fi gbà á, tàbí kẹ́ ẹ padà sí àpàlà Haruna Ishola, kẹ́ ẹ fetí sí agídìgbo tó wà nísàlẹ̀, kò yára, kò pariwo, àmọ́ ẹ yọ ọ́ kúrò kẹ́ ẹ wo bí orin ṣe máa rí.

Ìjà tó pọ̀ jù nínú bẹ́ẹ̀ǹdì ṣọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ òsì kíbọ́ọ̀dìsì ló ń fà á. Ìgbà tí kò sí béèsì ló ti mọ̀ ọ́n máa fọwọ́ òsì ta ìsàlẹ̀, nígbà tẹ́ ẹ wá dé kò gbé e kúrò, ohùn yín àti tiẹ̀ á máa gbára wọn lulẹ̀, àwọn ìjọ á ní béèsì ò yé àwọn. Ẹ má bá a sọ ọ́ lórí pẹpẹ. Níbi rìhásà ni kẹ́ ẹ ti sọ pé, "Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé ọwọ́ òsì gòkè díẹ̀," kẹ́ ẹ jọ ta orin kan báyẹn kẹ́ ẹ gbà á sórí fóònù, kóun náà gbọ́ ọ.

Okùn tuntun wọ́n, a mọ̀. Tí okùn yín bá ti kú, ẹ tú u, ẹ ká a wọ ìkòkò omi tó ń hó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìdọ̀tí ìka àti òógùn tó há sínú ẹ̀ á jáde sómi, ẹ máa rí àwọ̀ omi náà. Ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì nù ún gbẹ dáadáa, ẹ jẹ́ kó gba afẹ́fẹ́, kó má bàa dípẹtà, kẹ́ ẹ tó so ó padà. Á tún dún ketekete fún ìgbà díẹ̀, kì í pẹ́, àmọ́ ó lè gbé yín dé òpin oṣù. Tó bá sì jẹ́ active lẹ ń lò, tẹ́ ẹ bá ti parí rìhásà, ẹ yọ jáàkì lára ẹ̀, torí jáàkì yẹn ló ń tan bátìrì, tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí di Sọ́ńdè, ohùn lè má jáde mọ́.